Bí Aago Kámẹ́rà Kan Ṣe Da Ìrìnàjò Ọdún Mẹ́fà Rú Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Kò ju kí n kó fọ́tò àwọn ibi tí mo fẹ́ràn jù lọ láyé jọ sínú ìwé àwòrán kan lọ, kí n lè máa ṣí i wò nígbàkígbà tí ọkàn mi bá fà sí wọn. Istanbul ní Turkey, Kathmandu ní Nepal, Petra ní Jordan, Machu Picchu ní Peru, Kyoto ní Japan, àti omi Mosi-oa-Tunya tó wà láàárín Zambia àti Zimbabwe, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Victoria Falls. Ibi mẹ́fà láàárín ọdún mẹ́fà, láti 2013 dé 2018. Òpin ọ̀sẹ̀ kan ni mo bù fún un. Oṣù méjì ààbọ̀ ni iṣẹ́ náà gbà, owó tí mo ná kí n tó rí fọ́tò lò sì ju owó tí wọ́n fi tẹ ìwé fúnra rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin. Títí di òní, bí mo bá rántí owó yẹn, inú mi kì í dùn.

Orí háàdì díráìfù kan ṣoṣo ni gbogbo fọ́tò kámẹ́rà mi wà. Lọ́jọ́ tí mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà kí n lè bẹ̀rẹ̀, ó kàn ń dún ká, ká, ká ni, kò ṣí. Mo yọ ọ́, mo tún un so, ohùn kan náà ni. Ẹni tó ń bá ènìyàn gba nǹkan là lára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sọ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ tàn án mọ́, torí orí kékeré tó ń ka ohun tó wà nínú rẹ̀ lè máa ha ojú àwo tí fọ́tò wà lára rẹ̀, kí ó sì bà á jẹ́ pátápátá. Ìmọ̀ràn gidi ni. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n kọ́kọ́ dá fún mi kọ́ ni mo san nígbẹ̀yìn. Wọ́n ní apá kan nínú rẹ̀ ti kú, àfi kí àwọn wá irú rẹ̀ gan-an kí wọ́n fi pààrọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n tún fi owó mìíràn kún un. Mo san gbogbo rẹ̀, nítorí fọ́tò Kathmandu wà níbẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ìdí. Oṣù Kọkànlá 2014 ni mo lọ sí Kathmandu. Mo gun Dharahara, ilé ìṣọ́ funfun tó ga tó nǹkan bíi mítà 62 láàárín ìlú, tó ní àtẹ̀gùn 213 tó ń yí po nínú. Mo jókòó nínú Kasthamandap, gbọ̀ngàn onígi àtijọ́ tí orúkọ ìlú náà ti jáde wá, mo ń wo àwọn ènìyàn bí wọ́n ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde. Oṣù márùn-ún péré lẹ́yìn ìyẹn, ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin 2015, ìmìtìtì ilẹ̀ tó lágbára tó 7.8 wó àwọn méjèèjì lulẹ̀. Àwọn ènìyàn wà nínú ilé ìṣọ́ náà lọ́jọ́ yẹn. Nǹkan bí ènìyàn 9,000 ló kú lápapọ̀. Wọ́n ti kọ́ Dharahara tuntun, wọ́n sì ṣí i ní 2021, àmọ́ kì í ṣe èyí tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi gùn. Mo lè padà lọ sí Kyoto lọ́dún tó ń bọ̀ kí n tún fọ́tò rẹ̀ yà. Ti ilé ìṣọ́ yẹn kò ṣeé tún yà mọ́ láéláé.

Fọ́tò 6,412 ló padà wá. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Nígbà tí mo ṣí wọn ni mo rí i pé kò sí èyí tó ní orúkọ nínú wọn, nọ́ńbà lásán ni wọ́n ń jẹ́, àwọn fódà tí mo fi ọwọ́ ara mi tò sì ti pòórá. Ọjọ́ tí wọ́n gbà wọ́n là gan-an ni kọ̀ǹpútà kọ sára gbogbo wọn. Omi Mosi-oa-Tunya, òkúta Petra àti mọ́ṣáláṣí Istanbul wà pa pọ̀ bí ẹni da àpò ẹ̀wà àti àgbàdo sórí ẹní kan náà.

Ohun tó gbà mí ni pé kámẹ́rà máa ń kọ déètì àti wákàtí sínú fọ́tò fúnra rẹ̀, ní ibi tó yàtọ̀ sí èyí tí kọ̀ǹpútà ń kọ sára fáìlì. Ìyẹn kò bà jẹ́. Mo fi ExifTool, ètò kọ̀ǹpútà tí Phil Harvey ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kà á. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ṣe ju àwọn áàpù olówó tí mo ti dán wò lọ. Ká ní aago kámẹ́rà mi tọ̀nà ni, ibí yìí ni ìtàn náà ì bá ti parí.

Kò tọ̀nà. Istanbul ni mo ti ṣètò aago rẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án 2013, n kò sì tún fọwọ́ kàn án mọ́ títí tí mo fi parí gbogbo ìrìnàjò yẹn. Fún ọdún márùn-ún, gbogbo ibi tí mo dé láyé, aago Istanbul ni kámẹ́rà ń lò. Fọ́tò ìrọ̀lẹ́ tí mo yà ní Machu Picchu, lórí òkè tó fi mítà 2,430 ga ju òkun lọ, wá ń jẹ́ ti aago kan òru ọjọ́ kejì, oòrùn sì wà níbẹ̀ tó mọ́ kedere. Àwọn tí mo jí lọ yà ní òwúrọ̀ kùtù ní Fushimi Inari, ojúbọ kan ní Kyoto, lábẹ́ àwọn ẹnu-ọ̀nà pupa ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọ̀nyẹn, bọ́ sí ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ tó ṣáájú. Ìyẹn kò le. Peru fi wákàtí mẹ́jọ wà lẹ́yìn aago kámẹ́rà, Japan fi mẹ́fà ṣáájú. Mo yọ, mo fi kún, ó parí. Petra àti Mosi-oa-Tunya, wákàtí kọ̀ọ̀kan ni mo yọ.

Kathmandu ló mú mi so fún òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Fọ́tò tí mo fi fóònù yà kò sí lórí háàdì díráìfù, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wà, aago wọn sì pé nítorí fóònù máa ń tún aago rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ kí ti fóònù àti ti kámẹ́rà tẹ̀ lé ara wọn bí ọjọ́ náà ti lọ gan-an. Mo fi wákàtí mẹ́ta kún ti kámẹ́rà. Ó jọ pé ó bára mu: oòrùn ń là níbi tó yẹ kó ti là, ó ń wọ̀ níbi tó yẹ kó wọ̀. Àfi bí mo ṣe dé Dharahara. Fọ́tò tí mo fi fóònù yà láti òkè rẹ̀, tí gbogbo òrùlé ìlú tẹ́ sísàlẹ̀, ló kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni èyí tí mo fi kámẹ́rà ya ẹnu-ọ̀nà ìsàlẹ̀, nígbà tí n kò tíì wọlé. Mo ti wà lókè kí n tó gùn ún.

Mo fi wákàtí méjì dípò mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ tún burú sí i. Mo padà sí mẹ́ta. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo to bí igba, ó rẹ̀ mí, mo pa kọ̀ǹpútà dé. Inú bí mi débi pé mo rò ó pé kí n yọ Kathmandu kúrò nínú ìwé náà. Ojú tì mí pé mo rò ó bẹ́ẹ̀, torí rẹ̀ ni mo ṣe san gbogbo owó yẹn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo ṣe ohun tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ ṣe. Mo wá fọ́tò méjì tí mo yà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan pẹ̀lú fóònù, ọ̀kan pẹ̀lú kámẹ́rà: agbo àdàbà kan tó ń fò sókè ní Durbar Square, gbàgede iwájú ààfin àtijọ́ ní Kathmandu. Fóònù ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú 47. Kámẹ́rà, lẹ́yìn tí mo ti fi wákàtí mẹ́ta kún un, ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjì. Ìṣẹ́jú 15. Mo wá méjì mìíràn: 15. Òmíràn: 15. Ìgbà náà ni mo lọ wo aago Nepal. Wákàtí márùn-ún àti ìṣẹ́jú 45 ni wọ́n fi ṣáájú aago àgbáyé, nítorí pé òkè Gaurishankar tó wà ní ìlà-oòrùn Kathmandu ni wọ́n fi gbé aago wọn ka, kì í ṣe ti India tàbí ti Ṣáínà tó múlé gbè wọ́n. Láti Istanbul, wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 45 ni, kò pé mẹ́ta.

Ó tún kù. Áàpù tí mo fi ń to fọ́tò kò gbà ju wákàtí odindi lọ. Kò sí ibi tí ènìyàn lè kọ ìṣẹ́jú sí. Mo wá a títí. N kò mọ ìdí tí ẹni tó ṣe é fi rò pé gbogbo ayé ń ka aago ní odindi, nígbà tí India nìkan, tí aago tirẹ̀ ní ààbọ̀ wákàtí nínú, tó láti sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Mo padà sọ́dọ̀ ExifTool, mo ní kí ó fi wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 45 kún gbogbo fọ́tò Nepal lẹ́ẹ̀kan. Kò pé ìṣẹ́jú kan tó fi parí. Òpin ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mi!

Èyí tó kù kò gba àkókò: yíyan fọ́tò, kíkọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ wọn, fífi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ̀wé. Fọ́tò Petra tí ọ̀rẹ́ kan yà fún mi nìkan ló tún dá mi dúró. Orí áàpù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ ló ti fi wọ́n ṣọwọ́, èyí tó ti gé déètì kúrò lára wọn, tó sì ti mú wọn rí bàìbàì. Mo gbójú lé oòrùn. Bí ènìyàn bá gba inú Siq jáde, ojú ọ̀nà tóóró àárín àpáta tó ju kìlómítà kan lọ, àárọ̀ ni oòrùn máa ń tàn sójú Al-Khazneh, ilé ńlá tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta ní Petra. Ẹ̀yìn ìyẹn, òjìji ló máa ń bò ó. Oòrùn wà lójú rẹ̀ nínú fọ́tò mẹ́ta, òjìji nínú méjì. Mo mọ bí wọ́n ṣe tẹ̀ lé ara wọn. Mo gbóríyìn fún ara mi lórí ìyẹn.

Bí mo bá tún rìnrìn àjò, aago pápákọ̀ òfuurufú ni màá kọ́kọ́ fi kámẹ́rà yà tí mo bá gúnlẹ̀. Bí mo bá tilẹ̀ gbàgbé láti tún aago ṣe, fọ́tò yẹn á sọ iye tí aago kámẹ́rà fi yàtọ̀. Kyoto ló kọ́ mi: mo ti ya aago ibùdókọ̀ ojú irin níbẹ̀ láìmọ̀ọ́mọ̀, òun ló jẹ́ kí n mọ̀ pé aago kámẹ́rà mi tún ti fi ìṣẹ́jú mẹ́rin pẹ́ lẹ́yìn fúnra rẹ̀. Fọ́tò tí n kò lè padà lọ yà kò ní gbé ibì kan ṣoṣo mọ́. Ibi mẹ́ta ni wọ́n wà báyìí, ọ̀kan nínú wọn kò sí nínú ilé mi. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kó fi í ránṣẹ́ bí fáìlì.

Ìwé náà ti dé. Istanbul ló ṣáájú, pẹ̀lú Hagia Sophia nígbà tó ṣì jẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí wọ́n tó sọ ọ́ di mọ́ṣáláṣí padà ní 2020. Ojú ewé méjì ni Mosi-oa-Tunya gbà, torí omi rẹ̀ ti rin kámẹ́rà, bàìbàì ni ọ̀pọ̀ jù nínú fọ́tò rẹ̀. Kathmandu gba mẹ́rìnlá. Ní ojú ewé 21, mo wà lẹ́nu ọ̀nà Dharahara, mo gbójú sókè. Ní 22, àtẹ̀gùn ń yí lọ sókè nínú òkùnkùn, ọwọ́ ẹnì kan tí n kò mọ̀ wà lára ògiri níwájú mi. Ní 23, mo dé òkè.