Bí mo ṣe fọwọ́ ara mi bó ìko

Láti ìgbà tí mo ti ń hun àpò, ọjà Òkè-Ajé n'Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń ra ìko, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń bó lára ewé ògùrọ̀. Lọ́dún yìí, mo ní kí n bó tèmi láti ara igi. Ìyá ọkọ mi ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. "Ìyàwó, ṣé o mọ̀ pé inú àbàtà nigi ògùrọ̀ ń gbé?"

Mo mọ̀, àmọ́ n ò mọ̀ pé ẹrẹ̀ á gbé mi dé orúnkún. Màmá fi ọ̀kan tó ti gbẹ hàn mí: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ògùrọ̀ ń so láyé rẹ̀, tó bá ti so tán, ikú ló kàn. Èso rẹ̀ wà nílẹ̀ níbẹ̀, ó ní ìpẹ́ bíi ti ẹja. Ẹni tó bá gbìn ín á ní sùúrù, oṣù mélòó kan lè kọjá kó tó hù. Màmá kì í sì í gé ju màrìwò kan lọ lára igi kan.

Màrìwò tí kò tíì là là ń wá. Èyí tó bá ti là, tó ti di imọ̀ gidi (òmíràn ń gùn tó mítà 10), awọ rẹ̀ kò ní ṣí mọ́. Àbúrò ọkọ mi, tí mò ń pè ní Bùrọ̀dá, ló bá wa gé mẹ́rin. Ó fẹ́ máa sọ̀rọ̀ ìko Agẹmọ, òrìṣà Ìjẹ̀bú tí obìnrin kì í wò, Màmá kàn wò ó, ó panu mọ́. Obìnrin làwa.

Nílé, Màmá já ewé kan, ó fi ọ̀bẹ rẹ́ ìdí rẹ̀ láti ẹ̀yìn, kò jẹ́ kó já, ó ká a, ó fà á. Fààà! Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bọ́ láti ìdí dé ṣóńṣó, mò ń rí ìka Màmá láti òdìkejì. Tèmi já sí mẹ́ta.

"O ń rò ó jù. Fà á lẹ́ẹ̀kan!"

Ó tó bí ogún ewé kọ́wọ́ mi tó mọ̀ ọ́n.

Òjò ṣú, mo bá di ìdajì rẹ̀ ní tútù sínú láílọ́ọ̀nù. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ti bu, ó dúdú. Èyí tó kù, oòrùn lá a, ó ká rogodo di fọ́nrán. Mo se díẹ̀ pẹ̀lú poporo ọkà bàbà, ó pọ́n dáadáa. Àwọn tó já, Màmá lọ́ wọn lórí itan di okùn ewúrẹ́.

Àpò kan ṣoṣo ni mo rí hun, kò sì tíì ní ọwọ́ tí wọ́n á fi gbé e. Bùrọ̀dá ti ní ká tún padà sínú ẹrẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé.