Kámẹ́rà ilé: ẹ kọ́kọ́ ro ọ̀rọ̀ iná
Ẹ̀yin ará àdúgbò, ẹni tó bá fẹ́ ra kámẹ́rà tí yóò máa ṣọ́ ilé, ọ̀rọ̀ iná ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rò. Bí NEPA bá ti múná lọ, kámẹ́rà tí kò ní bátìrì ti fọ́jú nìyẹn. Ẹ ra èyí tó ń lo sólà, tó ní àyè síìmù 4G tí yóò fi máa gbé fídíò wá sórí fóònù yín, àti ti mẹ́mọ́rì káàdì tí yóò máa tọ́jú fídíò náà.

Ẹ gbé e kọ́ síbi tọ́wọ́ ò lè tó, bí ẹsẹ̀ bàtà 9, kó dojú kọ géètì. Bó bá ga jù, òkè fìlà olè nìkan lẹ máa rí! Ẹ má sì jẹ́ kó kọjú sí gílóòbù, ojú èèyàn á dúdú nínú fídíò.

Ẹ dákun, ẹ pààrọ̀ password tó bá a wá lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbé e kọ́.