Bí A Ṣe Ń Lo “Badly” Nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ẹni tí ó bá ti mọ̀ pé “bad” ń tọ́ka sí ohun tí kò dára lè rò pé kò sí ohun tó le nínú “badly”, àfi ìgbà tí ó bá ka “We need water badly” tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àbùkù omi náà. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá a rìn ni kí a kọ́kọ́ wò, nítorí òun ni ó máa ń pinnu ìtumọ̀ rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀-ìṣe náà bá jẹ mọ́ iṣẹ́ tí ènìyàn lè ṣe dáadáa tàbí kí ó ṣe é bàjẹ́, àìdára ni “badly” ń sọ: “She sings badly”, kò mọ orin kọ. Bí ó bá jẹ mọ́ ìpalára, bí ìpalára náà ṣe pọ̀ tó ni: “He was badly injured”, ó fara pa yánnayànna. Ṣùgbọ́n bí ó bá bá “need” tàbí “want” rìn, ọ̀rọ̀ àìdára ti kúrò níbẹ̀ pátápátá. Ẹni tí ó sọ pé “I badly want to go home” kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ilé ni ó ń wù ú lọ gidigidi. Èyí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣì gbọ́ jù lọ.

Ní ti ipò rẹ̀, Yorùbá ràn wá lọ́wọ́. Bí a kì í ti í sọ pé “ó sọ dáadáa Gẹ̀ẹ́sì”, bẹ́ẹ̀ náà ni a kì í sọ pé “He speaks badly English”. Ẹ̀yìn àbọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe, ìyẹn “English” níhìn-ín, ni kí a fi í sí, “He speaks English badly”. Ó lè ṣáájú “need” àti “want”, ó sì máa ń ṣáájú irú ọ̀rọ̀ bí “built” nínú “a badly built house”.

Lẹ́yìn “smell”, “look” àti “taste”, nígbà tí a bá ń sọ bí nǹkan ṣe rí, “bad” ni kí a lò: “The fish smells bad”. Àwọn kan máa ń sọ “I feel badly about it”, bóyá nítorí pé ó dún bí Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní tèmi, “I feel bad” ni mo fara mọ́ nínú ìwé kíkọ.

Bí a bá fẹ́ fi ènìyàn méjì wéra, “worse” ni: “He sings worse than his brother”. Bákan náà ni ti “badly off”, tí a kò gbọ́dọ̀ pín sí méjì kí a tó túmọ̀ rẹ̀: “They are badly off” ni pé ọwọ́ wọn kò tẹ́nu, bí ìyà náà bá sì tún pọ̀ sí i, ó di “worse off”.