Printa yín ń sá lórí Wi-Fi? Ẹ yẹ IP ẹ̀ wò

Ní ṣọ́ọ̀bù mi ní South Gate FUTA, yunifásítì tó wà ní Àkúrẹ́ níbí, ìgbà táwọn ọmọ bá to síta tí wọ́n fẹ́ print project gan-an ni printa máa ń pòórá, mo pa á, mo tàn án, mo ti ń kówó jọ láti ra òmíràn kí ọmọ kan nínú wọn tó ní "Àǹtí, ẹ jẹ́ n wo IP ẹ̀ ná." IP ni nọ́ńbà àdírẹ́sì tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ lórí network. Kọ̀ǹpútà ń wá printa lọ sí 192.168.1.5, printa ti kó lọ sí 192.168.1.7.

Ẹ ṣí cmd, ojú ewé dúdú tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí, lórí Windows, ẹ tẹ ipconfig. Tèmi nìyí:

IPv4 Address: 192.168.1.34
Subnet Mask: 255.255.255.0
Default Gateway: 192.168.1.1

IP ni nọ́ńbà ilé yín, ọ̀nà mẹ́rin, kò sí èyí tó lè ju 255 lọ. Mask ló ń sọ ibi tí àdúgbò parí sí: pẹ̀lú 255.255.255.0 yìí, tí mẹ́ta àkọ́kọ́ bá jọra, aládùúgbò ni yín, ẹ kàn máa ké síra yín lórí ògiri ni. Tí kò bá jọra, bíi 8.8.8.8 ti Google, ẹrù yẹn á gba ẹnu géètì jáde, géètì yẹn ni router, á wo àdírẹ́sì tó wà lára ẹrù, á tì í sí router tó kàn títí á fi débẹ̀, kò kàn án bóyá project ló wà nínú ẹ̀ àbí fídíò. Iṣẹ́ network layer nìyẹn o, ìpele tó ń wá ọ̀nà fún ẹrù lórí network.

Ẹ má bẹ̀rù tí ẹ bá rí 192.168.1.34 nílé ẹnìkan ní Ìjàpọ̀, inú ilé ni nọ́ńbà yẹn ń gbé, kì í jáde síta. Gbogbo nọ́ńbà IPv4, irú IP tí à ń sọ yìí, ò ju bílíọ̀nù 4.3 lọ, kò lè kárí fóònù ayé yìí, torí ẹ̀ ni gbogbo wa ṣe ń lo irú nọ́ńbà 192.168 yẹn nínú ilé tí router wá ń fi nọ́ńbà tiẹ̀ ṣojú wa níta.

Ohun tó ń da printa láàmú ni DHCP, ètò tó ń pín IP fún àwọn ẹ̀rọ. Router ló ń pín nọ́ńbà, ó kàn ń yá wọn ni, kò fún wọn pátápátá, tí iná bá lọ tó padà dé, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló lè gba ti ẹlòmíì.

Ẹ kọ 192.168.1.1, tàbí èyíkéyìí tí gateway yín bá jẹ́, sínú browser, páswọ́ọ̀dù sábà máa ń wà lábẹ́ router. Ẹ wá DHCP. Tèmi ń pín nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn láti 2 dé 254, mo gé e kù sí 100 dé 200. Mo wá lọ sójú printa, mo yan Manual, mo fi 192.168.1.50 sí i, mask àti gateway ò yí padà. Ẹ má mú nọ́ńbà tó wà nínú èyí tí router ń pín o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fóònù oníbàárà kan á gba tiẹ̀, ẹni méjì á wá máa jẹ́ orúkọ kan.

Ẹ padà sí cmd, ẹ tẹ ping 192.168.1.50 láti wò ó bóyá printa á dáhùn, tó bá ní Reply, ẹ yọ printa àtijọ́ kúrò ní Windows kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà tuntun yìí add ẹ̀ padà. Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà yín ló gbé IP tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254 jáde ńkọ́? Kò rí DHCP ló ṣe fún ara ẹ̀ ní nọ́ńbà, ẹ fi printa sílẹ̀ jàre, router lẹ máa kọ́kọ́ lọ wò.