Bí mo ṣe rí jẹ́lé-ó-sinmi fún ọmọ mi ní Abuja

Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún méjì àbọ̀ nígbà tí màmá mi, tí wọ́n ń bá mi tọ́jú rẹ̀, ní àwọn ń padà sí Òṣogbo. Wọ́n ní àwọn ti rí Abuja tó. Oṣù Karùn-ún nìyẹn. Kubwa là ń gbé, Federal Secretariat ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ìtòsí ilé wa ni mo kọ́kọ́ fi ṣe òṣùwọ̀n, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣìnà. Mẹ́ta ni mo lọ wò ní Kubwa. Èyí tó wù mí jù, wọ́n ya kìnnìún àti ọ̀bọ sára ògiri, àgbàlá ìṣeré wọn ń dán. Kíá ni mo san owó fọ́ọ̀mù. Ìgbà tí mo délé ni mo tó kà á: aago kan àbọ̀ ọ̀sán làwọn ọmọ ń jáde! Aago mẹ́rin nìjọba ń tú wa sílẹ̀, ẹni tó bá sì mọ ọ̀nà Kubwa nírọ̀lẹ́ Friday mọ ìyókù. Wọ́n ní lẹ́sìn, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún, wà títí di aago mẹ́ta. Lẹ́sìn kí ni fún ọmọ ọdún méjì? Owó fọ́ọ̀mù bá ibẹ̀ lọ.

Ìyáàfin kan tá a jọ wà lọ́fíìsì ló là mí lójú. Ó ní ibi tí mo lè sáré dé bí ara ọmọ bá gbóná lọ́sàn-án ni kí n wá. Bí mo ṣe kọjú sí Garki, nítòsí ọ́fíìsì wa, nìyẹn.

Mi ò wo ògiri mọ́. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni mo ń lọ, láìsọ tẹ́lẹ̀. Níbì kan, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ò gbà mí wọlé rárá. Inú bí mi, kó tó yé mi pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Níbòmíràn, ọmọ 32 ni mo kà fún anti méjì, iná ti lọ, gbogbo wọn ń làágùn lórí ẹní. Èyí tí mo mú, ọmọ 15 ló wà fún anti méjì, wọ́n sì sá àwọn póò tí wọ́n fọ̀ sóòrùn. Póò yẹn ló tà á fún mi.

Ìwé ẹ̀rí ìbí ti National Population Commission ni wọ́n gbà, kì í ṣe ti ilé ìwòsàn. Káàdì àjẹsára ló fa wàhálà: a ò gba abẹ́rẹ́ measles ẹlẹ́ẹ̀kejì, ti oṣù kẹẹ̀ẹ́dógún. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé gún un fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó wá ku èdè. Yorùbá nìkan ni ọmọ yìí gbọ́, kò sì sí anti tó gbọ́ ọ níbẹ̀. Mo fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ọ ní Hausa díẹ̀: "fitsari" fún ìtọ̀ àti "ruwa" fún omi. Màmá mi gbọ́ lórí fóònù, ẹ̀rín pa wọ́n.

Aago márùn-ún àbọ̀ ni mò ń jí i báyìí, orí itan mi ló ń sùn dé Garki. Ìyẹn ń dùn mí.

Lọ́jọ́ kẹta, anti rẹ̀ dá mi dúró lẹ́nu géètì, ó béèrè ohun tó ń jẹ́ "ó ń yún mi", pé àtàárọ̀ lọmọ ti ń sọ ọ́. Mo wo ọrùn yunifọ́ọ̀mù rẹ̀, mo rí aṣọ pélébé tí wọ́n kọ sáìsì sí. Mo fi eyín já a kúrò.