Kí èsì ALT má bàa bá iná lọ: bí a ṣe ń pa 37°C mọ́

ALT jẹ́ ẹ́ńsáìmù, èròjà tó ń mú iṣẹ́ inú ara yá, tí à ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ láti mọ bí ẹ̀dọ̀ ṣe wà. Ẹ́ńsáìmù kì í ṣe ohun tí à ń kà bí owó. Iṣẹ́ tó ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú kan là ń wọ̀n, iṣẹ́ náà sì máa ń yá sí i bí ooru bá ṣe ń ga. Bí ooru bá fi 10°C lé sí i, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Bí làábù yín n'Ìkòròdú bá ka ALT ní 33°C dípò 37°C torí pé iná lọ, ti aláìsàn tó yẹ kó jẹ́ 52 á jáde bíi 40, ẹ ó sì sọ fún un pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Irú àṣìṣe yìí ò dáa rárá. Ẹ má sì fi ooru àpọ̀jù sáré: ẹ́ńsáìmù tó bá ti jinná dà bí ẹyin sísè, kì í padà di tútù.

Ẹ má gba nọ́ńbà ojú water bath (àpótí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ń pa ooru mọ́) gbọ́. Ẹ rọ omi 1 mL sínú túùbù, ẹ gbé e síbẹ̀, kí ẹ wá ti tẹ̀mómítà bọ inú túùbù náà. Ohun tó bá kà lòótọ́.

Ẹ wọn reagent (oògùn ìdánwò) 1000 µL, ẹ jẹ́ kí òtútù fìríìjì kúrò lára rẹ̀ nínú water bath fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ fi serum (omi ara ẹ̀jẹ̀ tí kò ní sẹ́ẹ̀lì nínú) 100 µL sí i, ẹ pò ó pọ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 1, kí ẹ tó kà á lójú ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí omi náà fà mu, ní 340 nm (irú ìmọ́lẹ̀ náà). Ẹ tún kà á lẹ́ẹ̀mẹta sí i, ìṣẹ́jú kan síra wọn. Ẹ fi 1746 lọ́po ìpíndọ́gba ìyàtọ̀ tó wà láàárín kíkà kan àti èkejì: 0.030 jẹ́ 52 U/L (ìwọ̀n iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù nínú lítà kan).

Inú ìyàtọ̀ yẹn gan-an ni àṣírí wà. Bó bá ń dín kù, 0.030, 0.026, 0.023, tí ti control (serum tí a ti mọ èsì rẹ̀ tẹ́lẹ̀) náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ibi tí kùvẹ́ẹ̀tì (ife kékeré tí a fi ń kà á) jókòó sí ló tutù. Bó bá jẹ́ ti aláìsàn kan ṣoṣo, tí ìyàtọ̀ rẹ̀ sì ju nǹkan bíi 0.150 lọ, ẹ́ńsáìmù rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ẹ bu serum ìdá 1 sínú saline (omi oníyọ̀) ìdá 9, ẹ tún un kà, kí ẹ sì fi 10 lọ́po èsì.

Bí iná bá lọ lẹ́nu kíkà, ẹ da èyí tó wà lọ́wọ́ yín nù. Lẹ́yìn tí jẹnẹrétọ̀ bá ti gbé e, kí tẹ̀mómítà dúró sí 37 fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tó tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti Ìjẹ̀dẹ̀ tàbí Ìmọ́ta bọ̀ kò gbọdọ̀ fara kan yìnyín. Bó bá dì di yìnyín, sẹ́ẹ̀lì pupa á bẹ́, AST àti LDH (ẹ́ńsáìmù méjì mìíràn) inú wọn á tú jáde, èsì á sì fò sókè. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dé, ẹ tètè ya serum sọ́tọ̀. Ti ALT, fìríìjì. Ti LDH kò gbọdọ̀ débẹ̀, torí òtútù ń pa irú èyí tó ń ti ẹ̀dọ̀ wá. Ẹ gbé e síbi tí oòrùn ò dé, kí ẹ sì ṣe é lọ́jọ́ náà.