Bí A Ṣe Ń Tún Ìlà Ìlù Orin Jùjú àti Fújì Ṣe Kí A Tó Gbé Ẹ̀rọ DJ Lọ sí Òde

Ní òde ìnáwó kan nítòsí Ẹ̀rẹ́jà ní Iléṣà, mo rí ọ̀dọ́kùnrin kan tó tẹ bọ́tìnì Sync kí ó lè so orin jùjú àtijọ́ kan mọ́ orin tó ń lọ lọ́wọ́. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ìlù méjèèjì fi ń kọlu ara wọn, bí ìgbà tí ẹni méjì ń gúnyán nínú odó kan ṣoṣo tí ọmọ odó wọn kò sì gba ara wọn láyè. Àwọn ìyá tó ń jó dúró, wọ́n sì padà lọ jókòó. Ọ̀dọ́kùnrin náà ń yẹ wáyà wò, ó rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Ilé ni àṣìṣe náà ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tó kó orin sínú kọ̀ǹpútà tí kò sì yẹ ìlà ìlù rẹ̀ wò, ìyẹn àwọn ìlà tí áàpù DJ fi ń mọ ibi tí ìlù kọ̀ọ̀kan bọ́ sí. Mo ti rí irú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ bí a ṣe ń ṣe é.

N kò ní pẹ́ lórí irinṣẹ́. Láàpútọ́ọ̀pù, kọntírólà (ẹ̀rọ oníbọ́tìnì tí a fi ń darí áàpù DJ), hẹ́ẹ̀dìfóònù àti wáyà tó dára ti tó. Rekordbox, Serato DJ, VirtualDJ àti Traktor ni àwọn áàpù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò, ṣùgbọ́n Mixxx ni mo máa ń ní kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ gbà, nítorí ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, macOS àti Linux. Ẹni tí kò tíì lówó kọntírólà lè fi wáyà tó ń pín ohùn láàpútọ́ọ̀pù sí méjì bẹ̀rẹ̀, kí apá kan lọ sí sípíkà, kí apá kejì lọ sí hẹ́ẹ̀dìfóònù. Hẹ́ẹ̀dìfóònù náà gbọ́dọ̀ bo etí dáadáa, kí ó sì jẹ́ oníwáyà, torí pé ti Bluetooth máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ohùn tó dé etí, ìpẹ́ díẹ̀ yẹn sì tó láti ba kíkà ìlù jẹ́.

Orin tí ẹ ó kó sínú kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ MP3 ti 320 kbps tàbí WAV. Èyí tó jẹ́ 128 lè dùn lórí fóònù, ṣùgbọ́n lórí sípíkà ńlá, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rẹ̀ a máa dún bí omi tó ń hó. Bí ẹ bá sì sọ 128 náà di 320, fáìlì nìkan ló máa tóbi sí i. Ohun tó ti sọnù nínú ohùn kò ní padà.

Nísinsìnyí, ibi tó le. Bí áàpù bá ti yẹ orin wò, ó máa ń fa àwọn ìlà tín-ín-rín sórí àwòrán ohùn, ìlà kan fún ìlù kọ̀ọ̀kan, yóò sì kọ iye ìlù tó wà nínú ìṣẹ́jú kan, èyí tí wọ́n ń pè ní BPM. Bọ́tìnì Sync kì í gbọ́ orin. Ìlà wọ̀nyí nìkan ló ń tẹ̀ lé, bí ìlà bá sì ṣì, yóò tẹ̀ lé ìṣìnà náà tọkàntọkàn. Orin tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe kì í sábà dá wàhálà sílẹ̀: amapiano, fún àpẹẹrẹ, sábà máa ń wà láàárín 110 sí 115, iye tó bá sì fi bẹ̀rẹ̀ náà ló máa fi parí. Jùjú àti fújì kò rí bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ló lù wọ́n. Àwọn àgbà wa ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ṣì ń béèrè orin I.K. Dairo, ẹni tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá lọ́lá ní 1963. Nínú orin ìgbà náà, ara wọn ni àwọn onílù ń gbọ́. Kò sí ẹ̀rọ tó ń ka ìlù sí wọn létí. Bí orin bá ti ń gbóná, ìlù náà a máa yára díẹ̀díẹ̀, etí oníjó kò sì ní mọ̀ ọ́n.

Ẹ má ṣe fojú kékeré wo ìyàtọ̀ díẹ̀. Bí orin bá jẹ́ 110 tí áàpù sì kọ 110.5, láàárín ìṣẹ́jú kan péré, ìlà yóò ti fi ìdajì ìlù yàtọ̀ sí orin. Ìdajì ìlù ló burú jù, nítorí pé àárín ìlù méjì ti orin kan gan-an ni ìlù orin kejì yóò máa bọ́ sí.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ fi ẹsẹ̀ ka orin náà. Ẹ dìde dúró, kí ẹ jó o. Ẹsẹ̀ ni mo sọ, n kò sọ ọwọ́, torí pé ọwọ́ a máa sá tẹ̀ lé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tàbí agogo, ẹsẹ̀ sì máa ń dúró ti ijó. Bí ẹsẹ̀ bá ti balẹ̀, ẹ máa tẹ bọ́tìnì Tap pẹ̀lú rẹ̀ fún ìlù 32, ó kéré tán, kí ẹ tó wo iye tí áàpù kọ. Ẹ má ṣe wò ó ṣáájú, nítorí pé yóò tan etí yín jẹ.

Bí iye méjèèjì kò bá bára mu, ẹ wo bí wọ́n ṣe jìnnà síra wọn. Nígbà mìíràn áàpù yóò kọ 208 fún orin tó jẹ́ 104, èyí kò ju kí a pín in sí méjì lọ. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ìlù wa ló jẹ́ pé mẹ́tamẹ́ta ni ìlù kéékèèké ń wọ inú ìlù ńlá kọ̀ọ̀kan, níbẹ̀ sì ni áàpù ti lè kọ 150 fún orin tí ẹsẹ̀ yín kà sí 100. Ẹni tó bá pín 150 sí méjì yóò rí 75, yóò sì tún ṣìnà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ló yẹ kí ó mú. Mixxx ní bọ́tìnì fún èyí gan-an, lábẹ́ BPM, níbi tí wọ́n kọ 2/3 sí.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá oókan, ìyẹn ìlù ńlá àkọ́kọ́ tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Orin jùjú lè fi gìtá bẹ̀rẹ̀, fújì lè fi ohùn lásán bẹ̀rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ìlù tó wọlé, áàpù a sì fi ìlà àkọ́kọ́ sí orí ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ fo gbogbo ìyẹn. Ẹ fẹ àwòrán ohùn náà títí ìlù kan ṣoṣo yóò fi kún ojú kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì gbé ìlà sí ibi tí ìlù ńlá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra, kì í ṣe ibi tó ti ga jù.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dúró sí, tí wọ́n á gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ẹ lọ sí àárín orin, kí ẹ tún lọ sí ìparí rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá ìlà ṣì wà lórí ìlù. Bí ó bá ti kúrò, ẹ yọ àmì tó wà níwájú «Assume constant tempo» nínú ètò Mixxx, kí ẹ sì jẹ́ kí ó tún orin náà yẹ̀ wò; ní Rekordbox, Dynamic ni kí ẹ yàn dípò Normal. Ní Serato, ẹ lè fi ọwọ́ kan àmì mọ́ ìlà ní ìlù 16, 16. Iṣẹ́ yìí lè gba ogún ìṣẹ́jú fún orin kan, nítorí náà orin márùn-ún ni mo máa ń ṣe lálẹ́ ọjọ́ kan, n kì í sì í ṣe é láàárọ̀ ọjọ́ ìnáwó.

Ọ̀nà ẹ̀búrú kan wà tí mo fọwọ́ sí. Orin tó gùn tó ogún ìṣẹ́jú, ẹ má ṣe tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹ tún ìlù 32 tí ẹ ó fi wọlé àti 32 tí ẹ ó fi jáde ṣe, kí ẹ fi Hot Cue (àmì tí ẹ lè tẹ̀ kí orin bọ́ sí ibẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀) pupa sí ẹnu ọ̀nà ìwọlé, kí ẹ fi aláwọ̀ ewé sí ti ìjáde, kí ẹ sì pa Sync ní àárín méjèèjì.

Pípa orin pọ̀ fúnra rẹ̀ rọrùn bí ìlà bá ti tọ́. Ẹ má ṣe fa iye BPM orin kan ju ìdá 6 nínú 100 lọ. Láti 100 dé 112 jẹ́ ìdá 12, orin mìíràn ló yẹ kí ó dúró sí àárín. Kí béèsì méjì má ṣe dún pa pọ̀: ẹ dín ti èyí tó ń jáde kù bí ẹ ti ń ṣí ti èyí tó ń wọlé. Bí gángan bá sì ń sọ̀rọ̀, ẹ dúró kí ó parí kí ẹ tó gbé orin mìíràn lé e, torí pé àwọn tó gbọ́ èdè ìlù wà láàárín àwọn tó ń jó, oríkì tí wọ́n sì fẹ́ gbọ́ dé òpin lè jẹ́ tiwọn.

Bí ẹ bá dé òde, ẹ pa Wi-Fi láàpútọ́ọ̀pù, kí ẹ má sì jẹ́ kí iná Master, ìyẹn ohùn àpapọ̀ tó ń jáde lọ sí sípíkà, pọ́n. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni sípíkà bóyá òsì àti ọ̀tún ló ń gbà tàbí ẹyọ kan. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ yí Master sí Mono, torí pé àwọn àwo àtijọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé apá kan ni wọ́n fi ohùn orin sí, wọ́n fi ìlù sí apá kejì, ẹ kò sì ní fẹ́ kí ìdajì orin náà dákẹ́ níwájú olóde.